Ilé àjọgbé l'Óṣogbo: báwo ni ká ṣe pín owó iná?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé àjọgbé kan wà ní Òkè-Baálẹ̀ fún àgbàlagbà 6 tó ń sùn níta tẹ́lẹ̀: yàrá 3, ilé ìdáná kan, mítà alásansílẹ̀ kan. Mítà yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá pín owó dọ́gba, ẹni tó ní gílóòbù kan ṣoṣo ló ń sanwó hítà ẹlòmíì. Ṣé ká fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan? N kò fẹ́ ká fòfin de hítà. Àgbàlagbà ni wọ́n.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa kó owó ilé jọ, torí onílé máa ń gba ti ọdún kan, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n. Ẹni tí kò ní NIN tàbí BVN kò lè ṣí àkáǹtì ní báńkì. Ta ni kó bá irú wọn tọ́jú owó?