Ohùn tó há tí kò là mọ́: ẹ̀yin tí ẹ ti rí jẹjẹrẹ ọ̀fun nítòsí, ẹ wá sọ tiyín

Àyìnlá Akẹ̀sán: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ọdún 61, níbí ní Ọ̀yọ́. Láti ìgbà Iléyá ni ohùn rẹ̀ ti há. Wọ́n gé díẹ̀ lára ohun tó hù sí gògóńgò rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì dé: jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ìpele kejì nínú mẹ́rin ló wà. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe èèyàn yín rí, kí ni wọ́n ṣe, báwo ló sì ṣe já sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bò.

Ìyá Ìbejì Tákíè: Ha! Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn.

Ọmọ Ládánì: Ògbómọ̀ṣọ́ ni tiwa. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Kò mu sìgá rí, kò fẹnu kan ọtí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ há, gbogbo ayé ní ìrun tó ń pè ló fà á, ni wọ́n bá ń kó orógbó wá fún un. Ó jẹ orógbó, ó lá oyin, ó mu àgbo. Ó yá, etí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, etí ọ̀tún nìkan. Wọ́n ra oògùn etí fún un ní kẹ́míìsì, bẹ́ẹ̀ etí yẹn ò ní nǹkan kan! Lẹ́yìn náà ni kókó kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, ó le koko bí èkùrọ́, kò sì dùn ún. Nígbà tó fi máa di pé ó ń mí tí ọ̀fun ń súfèé lóru, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ó ti di ìpele kẹrin. Lóru tí a gbé e dé ọsibítù ni wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn kó lè rí èémí mí. Wọ́n ní àwọn máa yọ gògóńgò rẹ̀ pátá. Bàbá mi gba bírò, ó kọ ọ́ sórí ìwé pé ohùn tí òun fi ń pe ìrun, òun ò ní fi í sílẹ̀ sí tíátà. Ó kú kí ààwẹ̀ tó dé.

Báyọ̀ Aráàdá: Ẹ wá gbà fún un bẹ́ẹ̀? Ṣé kò sí àgbà nínú ẹbí ni?

Ọmọ Ládánì: Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tó mọ ohun tó ń sọ, ta ló fẹ́ dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì?

Alhaja Ọjà Ìgbò: Báyọ̀, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ohùn yẹn ni gbogbo àdúgbò fi mọ bàbá náà. Kì í ṣe nǹkan kékeré.

Báyọ̀ Aráàdá: Mo gbọ́, Alhaja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà láàyè ló ń kírun.

Díákónì Ìjẹ́rù: Èmi tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti yọ gògóńgò tèmi. Awakọ̀ akẹ́rù ni mí tẹ́lẹ̀, sìgá àti ọtí la fi ń lé oorun lójú títì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà mo gba radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán, ní Ìbàdàn, Ajé sí Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ara ọrùn mi dúdú, ó bó, ẹnu mi di egbò, ògì tútù nìkan ló ń gba ọ̀fun. Itọ́ ẹnu mi ò pọ̀ mọ́ títí dòní, ìgò omi ò kúrò lọ́wọ́ mi. Ihò ọrùn ni mo fi ń mí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gbẹ síbẹ̀, á di èèpá, àfi kí n fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó tutù bò ó. N kì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀ dáadáa mọ́, torí èémí ò gba imú kọjá. Ẹ̀rọ kékeré kan ni mò ń gbé ti ọrùn tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn tó ń mú jáde ò dùn gbọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo fi gba àwọn àna mi lálejò nígbà ìdána ọmọ mi. Mo ti kọjá ọdún 5, dókítà sì ní òun ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́.

Ìyá Ìbejì Tákíè: Omijé bọ́ lójú mi. Díákónì, ẹ kú ewu!

Kọ́lá Sábó: Ẹ dákun, tí irú yín bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi ńkọ́?

Díákónì Ìjẹ́rù: Mo ti ṣe tèmi tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ri irú wa bọ odò o! Omi tó bá wọ ihò yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú omi àlùwàlá.

Kọ́lá Sábó: Kí wọ́n kúkú wọ́n omi sí i lórí, bíi tàwa Áńgílíkà.

Báyọ̀ Aráàdá: Ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí? Ìrìbọmi tí wọn ò ri èèyàn bọ omi, ìrìbọmi wo nìyẹn?

Alhaja Ọjà Ìgbò: Ẹ gbé ìyẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aláìsàn là ń sọ.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù etí, imú àti ọ̀fun. Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Sìgá ló wà nídìí tọ̀pọ̀, tí ọtí bá sì kún un, ewu rẹ̀ á pọ̀ ju kí a kàn ro méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n irú bàbá Ọmọ Ládánì wà, ẹ má fi sìgá nìkan ṣe òdiwọ̀n. Ibi tó bá hù sí ló ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ orí okùn ohùn gan-an, bó ti wù kó kéré tó, ohùn á há, èèyàn á tètè mọ̀. Tó bá jẹ́ òkè ibẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọ̀fun, ó máa ń lúgọ títí kókó á fi yọ lọ́rùn, tàbí kí etí máa dùn, torí iṣan ìmọ̀lára ọ̀fun àti ti etí so pọ̀. Ti orí okùn ohùn ní ìpele kìn-ín-ní, nǹkan bíi 9 nínú 10 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Ìpele kẹrin, kì í sábà tó ìdajì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìpele kẹta àti ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń gbé wá. Ohùn tó bá há kọjá ọ̀sẹ̀ 3, ẹ jẹ́ kí dókítà ọ̀fun fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó.

Kọ́lá Sábó: Nọ́ọ̀sì, ayé wà o. Mo mọ ẹni tí wọ́n fi àsàsí dí lọ́fun.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: N kò bá yín jiyàn ayé. Ẹ ṣáà jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀fun náà. Kókó náà ń dàgbà bí a ṣe ń wá ẹni tó ṣe é.

Báyọ̀ Aráàdá: Àmàlà gbígbóná ńkọ́? Ìyàwó mi ní òun ló ń fà á.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Ọ̀nà oúnjẹ nìyẹn, kì í ṣe gògóńgò. Ní 2016 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ohun mímu tó gbóná ju ìwọ̀n 65 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Wọn ò dárúkọ àmàlà. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní HPV, òun náà ń fa ti ẹ̀yìn ahọ́n àti bèlúbèlú.

Alhaja Ọjà Ìgbò: HPV tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ fáwọn ọmọbìnrin nílé ìwé? Ṣebí ti ẹnu ilé ọmọ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní: Òun náà ni, Alhaja. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń gún un fún láti 2023, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín gbà á.

Àyìnlá Akẹ̀sán: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Radiotherapy nìkan ni wọ́n ní kí bàbá gbà, wọn ò mẹ́nu ba abẹ.

Díákónì Ìjẹ́rù: Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Eyín tó bá ti jẹrà, kí wọ́n yọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kọjá lára rẹ̀ kì í tètè jinná. Kó jáwọ́ nínú sìgá, bó bá ń mu. Má jẹ́ kó máa ti Ọ̀yọ́ lọ kó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́, á rẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ jẹ, ọjọ́ tó bá sì pa jẹ, àǹfààní jẹjẹrẹ ni.

Àyìnlá Akẹ̀sán: Ẹ̀gbọ́n wa kan ń gbé Mókọ́lá n'Íbàdàn. Mo ti pè é, ó ní yàrá wà.

Díákónì Ìjẹ́rù: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀fun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo máa sọ bí a ṣe ń po ògì tí kò ní ta á.