Kí ẹ tó gé ike: ètò àwòṣe ọkọ̀ mẹkáníìkì ńlá

Ẹ̀yin tí ẹ ti kan àwòṣe irú ọkọ̀ yìí rí, ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ jọ síbí, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má baà fi ike ṣòfò. Ọkọ̀ akẹ́rù tí mẹkáníìkì ń gbé lọ bá katapíla tó bàjẹ́ níbi iṣẹ́ ni mò ń sọ: àpótí irinṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kíréènì lẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń pọn afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ wẹ́dà, àti ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ má baà dà nù nígbà tí kíréènì bá gbẹ́rù.

Tèmi ni pé kí ẹ kọ iṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹ tó yan orí ọkọ̀, ìyẹn ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Kíréènì tó ń gbé ẹ́ńjìnnì katapíla kò lè dúró lórí ṣásí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) bíńtín. Ibi tí gbogbo ètò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àyè tó wà láti ẹ̀yìn orí ọkọ̀ dé àárín axle ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì. Bí axle ẹ̀yìn bá jẹ́ méjì, àárín àwọn méjèèjì ni ẹ ó wọ̀n ọ́n dé. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ínṣì 60, 84, 108 tàbí 120 ni àyè yìí sábà máa ń jẹ́, bọ́dì (ara ọkọ̀ tó ru àwọn àpótí irinṣẹ́) ẹsẹ̀ bàtà 11 ló sì bá ínṣì 84 mu. Ní ìwọ̀n 1:25, níbi tí 1 lára àwòṣe ti dúró fún 25 lára ọkọ̀ gidi, ínṣì 84 di mílímítà 85.3, bọ́dì náà di 134. Ṣásí inú kíìtì (páálí ẹ̀yà àwòṣe tí a ń tò pọ̀) orí tirela kì í sábà bá èyí mu, torí pé tirela ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ múra láti gé e, kí ẹ sì fà á gùn. Ẹ má gé e níbi tí sípíríǹgì ti dì mọ́ ọn; àárín ibi tó tẹ́ gbọọrọ ni kí ẹ ti gé e, kí ẹ fi ike tó gùn tó mílímítà 20 lẹ ojú ibẹ̀ nínú.

* * *

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Màá fi iye kún un, torí ojú lásán kò tó.

Férémù, ìyẹn irin ṣásí, ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà fẹ̀ tó ínṣì 34, ìyẹn mílímítà 864. Ní 1:24 ó jẹ́ 36 géérégé, ní 1:25 ó jẹ́ 34.6, ní 1:14 ó jẹ́ 61.7. Táyà 11R22.5 ga tó nǹkan bíi mílímítà 1,050: ẹ wá 43.75 ní 1:24, tàbí 42 ní 1:25. Táyà 315/80R22.5 ti Yúróòpù ga díẹ̀ jù ú lọ, nǹkan bíi 1,076, tó di 44.8 ní 1:24. Ihò nọ́ọ̀tù wíìlì mẹ́wàá náà yàtọ̀: òbìrípo tí wọ́n tò sí fẹ̀ tó mílímítà 335 lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, 285.75 lára ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ á rí wíìlì Yúróòpù lábẹ́ orí ọkọ̀ Amẹ́ríkà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ mú vernier caliper (irinṣẹ́ tó ń wọn ohun kékeré géérégé), kí ẹ wọn táyà inú kíìtì fúnra yín. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́.

* * *

Ẹni tí kò bá rí àwòrán ilé iṣẹ́ lè fi fọ́tò ṣe é, bí fọ́tò náà bá dára. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gan-an ni kí ó kọjú sí, láti òkèèrè, kí wọ́n fi lẹ́ńsì fà á súnmọ́. Bí ayàwòrán bá dúró nítòsí, iwájú ọkọ̀ á tóbi ju ẹ̀yìn lọ, gbogbo ìṣirò á sì wọ́. Ẹ má fi gíga táyà ṣe òṣùwọ̀n, torí pé ẹrù ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Ẹ lo àyè tó wà láàárín axle iwájú àti tẹ̀yìn, tí ilé iṣẹ́ máa ń kọ jáde. Bí àyè náà bá jẹ́ mílímítà 5,000 gan-an, tó sì jẹ́ 125 lórí fọ́tò tí ẹ tẹ̀, mílímítà kan lórí fọ́tò dúró fún 40.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè da 1:24 pọ̀ mọ́ 1:25? Orí ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ jẹ́ 1:25, kíréènì jẹ́ 1:24.

* * *

Kíréènì lè lọ, torí pé kíréènì tóbi-tóbi wà, kékeré-kékeré sì wà. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyàtọ̀ àwọn ìwọ̀n méjèèjì. Kò sẹ́ni tó máa rí i lára àpótí, jákì tàbí sílíńdà gáàsì. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 9 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: 375 ní 1:24, 360 ní 1:25. Nítorí náà orí ọkọ̀, férémù àti táyà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ohun tí ènìyàn máa ń dì mú náà kò gba ìyàtọ̀ tó pọ̀, bíi àkàbà, irin ìdìmú àti ọwọ́ ilẹ̀kùn.

* * *

Bọ́dì ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi páálí ṣe é. Ẹ gé páálí bọ́dì, ẹ gbé e lé ṣásí pẹ̀lú táyà lábẹ́, kí ẹ wo ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àyè tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti bọ́dì. Orí ọkọ̀ máa ń mì lórí sípíríǹgì tirẹ̀, bọ́dì kì í bá a mì. Ẹ fi mílímítà 4 sílẹ̀ ó kéré tán ní 1:24, kí ẹ sì fi kún un bí páìpù èéfín bá dúró lẹ́yìn orí ọkọ̀. Ìkejì ni òkè táyà. Táyà méjì-méjì ẹ̀yìn fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 600 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn 25 lára àwòṣe, nítorí náà àpótí tó wà lókè táyà gbọ́dọ̀ kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ẹ fi mílímítà 3 tàbí 4 sílẹ̀ láàárín táyà àti bọ́dì. Ibi tí àwòṣe púpọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹni tó kan án gbàgbé àyè táyà, ó wá gbé bọ́dì sókè kí táyà lè wọlé, ọkọ̀ náà sì dúró bí ẹni tó wọ bàtà gíga. Ìkẹta ni ọwọ́ kíréènì. Bí ó bá sùn síwájú lórí àpótí, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ó tó dé ẹ̀yìn orí ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ dí ìdérí àpótí tó ń ṣí sókè.

Ìgbà tí páálí bá gbà ni kí ẹ wá gé ike. Fún 1:24, ike 1.0 tó fún ara àpótí, 0.5 tó fún ilẹ̀kùn. Mílímítà 0.5 yẹn dúró fún irin tó nípọn ní 12, èyí tí kò sí lára ilẹ̀kùn àpótí kankan, nítorí náà ẹ ha etí rẹ̀ tín-ínrín níbi tí ojú ti ń rí i. Ilẹ̀kùn méjì tó ṣí ti tó. Bí gbogbo wọn bá ṣí, ẹ ó ṣe pẹpẹ àti dúróà fún gbogbo wọn.

Gọ́ọ̀mù olómi tó ń yọ́ ike dára fún etí sí etí. Ẹ má fi lẹ ike fífẹ̀ méjì pọ̀ lójú. Omi rẹ̀ á há sáàárín, á máa rọ ike náà láti inú, yóò sì wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nígbà tí ẹ ti kun ọ̀dà tán. Súpà gúlù tàbí téèpù olójú méjì ni kí ẹ lò níbẹ̀. Àpótí tí ẹ bá dí pa náà nílò ihò kékeré nísàlẹ̀ kí òórùn gọ́ọ̀mù ríbi jáde.

* * *

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára fún èyí tó máa jókòó sórí pẹpẹ. Bí kíréènì bá máa gbẹ́rù lóòótọ́, mi ò fara mọ́ 1:24. 1:14 ni kí ẹ lọ, torí àyè mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ àti bátìrì.

Ẹ ṣírò ìwúwo kí ẹ tó yan ibi tí kíréènì máa wà. Kíréènì gíráàmù 600 tó wà ní mílímítà 100 lẹ́yìn axle ẹ̀yìn, lórí ọkọ̀ tí axle iwájú àti tẹ̀yìn fi 400 jìnnà síra, ń mú gíráàmù 150 kúrò lórí táyà iwájú: 600 lọ́nà 100, pín sí 400. Ẹrù kò tíì kún un o. Táyà iwájú tó fúyẹ́ kì í yí ọkọ̀, á kàn máa fà nílẹ̀ lọ gbọọrọ. Bátìrì ni kí ẹ gbé síwájú, lábẹ́ orí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ irin gbọ́dọ̀ dì mọ́ férémù gan-an. Bí ẹ bá dì í mọ́ bọ́dì ike, bọ́dì ló máa ya.

* * *

Nípa ọ̀dà: inú àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kí ẹ tó lẹ òrùlé mọ́ ọn. Ṣásí lọ́tọ̀, bọ́dì lọ́tọ̀, kí wọ́n pàdé nígbà tí méjèèjì bá gbẹ. Ọ̀dà lacquer tó le máa ń jẹ ike tí kò ní praima (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ń kọ́kọ́ kùn), ojú rẹ̀ á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Funfun gba sùúrù: praima eérú, lẹ́yìn náà ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí èyí tó bá nípọn á ṣàn kún etí ilẹ̀kùn tí ẹ ti hà.

* * *

Họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ ńkọ́? Okùn kì í dùn ún wò, ó máa ń hu irun.

* * *

Wáyà lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà iná pọ̀ (solder), èyí tó nípọn ní 0.8, dúró fún họ́ọ̀sì mílímítà 19 ní 1:24. Ẹ wé e mọ́ igi tó tín-ínrín ju àgbá rẹ̀ lọ, torí ó máa ń tú díẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́, kí ẹ sì kùn ún lẹ́yìn tí ẹ bá wé e tán.