Bátìrì kì í kún, epo sì ń yára tán: ṣé alternator ló fa méjèèjì?

Ọlọ́kọ̀1800:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà ni, jíà ọtọmátíìkì. Láàárọ̀ kí n tó ṣíná, bátìrì ń ka 12.2 fóòtì. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní síló, ó ń ka 13.3; tí mo bá tan iná iwájú, fáànù inú ọkọ̀ àti wáípà, ó já sí 12.7. Iná bátìrì kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́líìtì kò sì dún. Epo tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò ju lítà 8.5 lọ fún 100 kìlómítà, ó ti lé ní 11 báyìí. Wọ́n ní kí n ra alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fún bátìrì níná), pé òun náà ló ń jẹ epo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kì í dé ìdajì mọ́ tí mo bá wà ní títì márosẹ̀, àmọ́ bóyá ìyẹn ò kàn án.

RẹwáyàÀgbà:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tí 12.7 yẹn sọ ni pé iná tó yẹ kó dé orí bátìrì kò dé. Ó lè jẹ́ pé alternator kò mú un jáde, ó sì lè jẹ́ pé ó mú un jáde, ojú ọ̀nà ló ṣòfò sí.

Ẹ fi chájà kún bátìrì ná. 12.2 kò ju ìdajì lọ, bátìrì tí kò kún á sì máa fa iná débi tí kò ní jẹ́ kí ohun tí mítà bá kà ṣeé gbára lé. Tó bá kún, tó sì sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.6 ló yẹ kó kà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣíná, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí nǹkan bíi 2,000 rpm, ẹ tan gbogbo iná àti fáànù, kí ẹ wá wọn ibi mẹ́ta.

Àkọ́kọ́: láti nọ́ọ̀tì ńlá B+ tó wà lẹ́yìn alternator sí ara alternator fúnra rẹ̀. 13.8 sí 14.5 ló dáa. Ìkejì: láti nọ́ọ̀tì yẹn sí orí pọ́sítíìfù bátìrì. Tó bá ju 0.3 lọ, ẹ wo waya, fíúùsì ńlá àti tẹ́mínà. Ìkẹta: láti ara alternator sí orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Èyí kò gbọ́dọ̀ ju 0.2 lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Kí ẹ tó paná, ẹ yí mítà sí AC fóòtì lórí bátìrì. Tó bá ju 0.5 lọ, dáyóòdù kan (èyí tó ń sọ iná AC alternator di DC) ti jó. Dáyóòdù tó ń jò tún lè fa bátìrì sílẹ̀ mọ́jú.

Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ ló kéré, ìgbà yẹn ni ká tó dá alternator lẹ́bi: kábọ́ọ̀nù tó ti jẹ tán, régúlétọ̀ (tó ń ṣàkóso fóòtì), tàbí bẹ́líìtì tó ń yọ̀ láì dún nítorí pé táńṣọ̀nà rẹ̀ ti rọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ló ń pàṣẹ iye iná tí alternator máa mú wá, nítorí náà 12.8 lórí ìrìn jẹ́jẹ́ lè má jẹ́ àléébù. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tan gbogbo nǹkan nìyẹn.

AyáraBíÀṣá:
Gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ẹ yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tó bá kú, alternator ti lọ nìyẹn.

RẹwáyàÀgbà:
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bátìrì ló ń gba ìjì iná mọ́ra. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, fóòtì lè fò sókè gan-an láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, brain box tàbí régúlétọ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Tí kò bá sì kú, kò fi hàn pé iná tó ń jáde tó.

Nọ́súùlù:
Ọ̀rọ̀ epo ni tèmi. Ká ní alternator ń mú 70 ámpíà wá ní 14 fóòtì, nǹkan bíi kílówáàtì 1 nìyẹn. Nítorí ohun tó ń ṣòfò nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á san tó 1.7 sí 2. Lórí ìrìn 100 kìlómítà ní wákàtí kan, kò tó lítà 1 epo. Lítà 2.5 ló sì lé lórí tiyín. Alternator tó ti rẹ̀ gan-an kì í tilẹ̀ fa agbára tó èyí tó ń ṣiṣẹ́ kárakára.

Òótọ́ ni pé tí iná bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, nọ́súùlù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) á máa pẹ́ ṣí, kọ́ìlì kò ní ta iná tó, epo kò ní jó tán. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn á rí afẹ́fẹ́ tí kò jó, á rò pé epo kò tó, brain box á wá fi kún un. Ṣùgbọ́n 12.7 kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí ẹ fi parí ìbéèrè yín ni kí ẹ padà sí. Ẹ so síkánà mọ́ ọkọ̀, kí ẹ ka ooru omi ẹ́ńjìnnì àti long term fuel trim (iye tí brain box ń fi kún epo tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀).

Ọlọ́kọ̀1800:
Mo ti wọ̀n wọ́n. Alternator fúnra rẹ̀ 13.9, ọ̀nà pọ́sítíìfù 0.25, ọ̀nà nẹ́gátíìfù 0.95, orí bátìrì 12.7. AC 0.06. Ooru kò kọjá 69°C lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú 20. Fuel trim +2%.

RẹwáyàÀgbà:
13.9, yọ 0.25, yọ 0.95, ó ku 12.7 géérégé. Ara alternator yín le, waya ẹ́ẹ̀tì (èyí tó so nẹ́gátíìfù bátìrì, bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì pọ̀) ló ń ṣàìsàn. Ẹ tún wọn nẹ́gátíìfù bátìrì sí bọ́dì, lẹ́yìn náà bọ́dì sí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú gbogbo nǹkan ní títàn. Èyí tó bá kó ọ̀pọ̀ nínú 0.95 ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí wọn á fi máa dán, ẹ dè é pinpin, kí ẹ tó fi gíríìsì bò ó. Tí bàbà inú waya bá ti di àwọ̀ ewé tàbí tó ti ń já lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó nípọn bákan náà. Iná sítátà ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí náà waya tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbà á.

Nọ́súùlù:
69°C: tẹmọsítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí á fi gbóná) ti há ní ṣíṣí. Fuel trim yín dáa nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kò parọ́. Brain box mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní epo bíi ti òwúrọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jíà ọtọmátíìkì, kọ̀nfátà (tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) kì í ti pa nígbà tí ooru bá kéré, ẹ́ńjìnnì á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ ní títì márosẹ̀.

Kí ó lè dá yín lójú, ẹ ṣíná nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ máa fọwọ́ kan róbà òkè radiétọ̀. Tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti há. Èyí tó dáa máa ń jẹ́ kó tutù, kó tó wá gbóná lójijì. Ẹ ra èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yín mu, ọ̀pọ̀ jẹ́ 82 tàbí 88°C. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ dànù. Tí ẹ bá da omi padà, ẹ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn náà ẹ kún táńkì títí ẹnu páńpù á fi já, ẹ rìn tó 400 kìlómítà, ẹ tún un kún. Lítà tó wọlé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, kí ẹ fi kìlómítà pín in. Tó bá ṣì lé ní 9, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè láti yí i, bóyá bíréèkì kan ń dì mú.