Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ẹ̀rọ la máa kọ́kọ́ rà ni, àbí ká kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́?

Ọmọ Odògbolù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ṣe gàrí lágbègbè wa fẹ́ ná owó tó wà nílẹ̀ sórí ohun tí gbogbo àdúgbò máa jẹ nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ká ra ẹ̀rọ ìgbàlódé. Àwọn mìíràn ní ká kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, torí Èkó ni wọ́n ń sá lọ. Èwo ló yẹ kó ṣíwájú? Ṣé àwọn iléèwé gíga tó yí wa ká tiẹ̀ lè wúlò fún wa?

Alájòórin Ṣágámù:
Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni kó ṣíwájú, ẹ̀gbọ́n, orí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti ní nílẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ti kọ́ wọn. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé Èkó la ti ń pe ẹni tó máa tún un ṣe, Èkó náà ni èrè rẹ̀ ń lọ.

Ẹ wo ibi tí owó ti ń jò. Ẹ̀gẹ́ tá a bá ti wú kì í dúró deni. Tó bá fi di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Bí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já ẹrù sílẹ̀, ẹrù ti bàjẹ́ kí ẹni tá à ń retí tó dé.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń da ẹ̀rọ yẹn dúró. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu: eyín rẹ̀ á kú, ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní kókó-kókó, kókó yẹn ò ní kan dọ́gba, inú asẹ́ ló sì máa kù sí. Bẹ́áríǹnì: omi ẹ̀gẹ́ kíkan ń jẹ irin, tí gíríìsì ò bá tó, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni púlì ẹ́ńjìnnì àti ti ẹ̀rọ tí kò sí lójú ìlà kan; bẹ́líìtì á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tó fi máa já. Okùn tí a fà le ti tó láti fi mọ̀: ó gbọ́dọ̀ fara kan etí púlì méjèèjì láìsí àlàfo.

Ọ̀dọ́ 5 tàbí 6 tó lè pa páànù dà, tó lè fi gíríìsì sí bẹ́áríǹnì, tó lè to púlì, tí wọ́n sì ń pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n á tó gbogbo abúlé tó yí yín ká. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá ra ẹ̀rọ tuntun, irin tí kì í dógùn-ún sì ni kí wọ́n fi ṣe gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ ń kàn. Ó wọ́n, àmọ́ ó máa pẹ́.

Olùkọ́ṣẹ́:
Òótọ́ ni Alájòórin sọ. Ti iléèwé ló kù. Pólì Abraham Adesanya wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Pólì Gateway wà ní Sàápàdé. Ẹ má kàn lọ tọrọ ìrànlọ́wọ́ o, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé fún wọn. Láti 1973 ni ètò SIWES ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tó gba ọmọ ò ní iṣẹ́ nílẹ̀ fún un: wọ́n á máa rán an lọ ra oúnjẹ, wọ́n á sì buwọ́ lu ìwé rẹ̀ níparí. Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé: kó máa wọn ẹ̀gẹ́ tó wọlé, èpo ẹ̀gẹ́ tó jáde, igi tó jó àti gàrí tó délẹ̀, lójoojúmọ́. Kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù sábà máa ń di gàrí kílò 20 sí 25. Tí tiyín bá kéré sí 20, bóyá wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ nípọn jù, bóyá kókó inú asẹ́ ti pọ̀, bóyá irú ẹ̀gẹ́ náà ló lómi jù. Ìwé ọmọ yẹn ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Ní Jámánì, ọmọ iṣẹ́ ń lo ọjọ́ 3 sí 4 lọ́sẹ̀ nídìí iṣẹ́, ọjọ́ 1 sí 2 ní iléèwé, fún ọdún 2 sí 3 àbọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tàbí ti oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣètò ìdánwò àṣejáde, kì í ṣe ọ̀gá tó kọ́ ọ. Àwa náà ti ní ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ látayébáyé. Ìdánwò yẹn la ò ní. Kí ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù tó pé, ẹ pe ọ̀gá méjì láti ìlú mìíràn, kí wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí ọmọ tò ó padà lójú wọn.

Ní ti owó, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún fún ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìlànà tí ITF fọwọ́ sí. Ẹ bá àwọn iléeṣẹ́ ọ̀nà Ṣágámù sọ̀rọ̀, kí mọkáníìkì wọn àti àwọn ọmọ yín jọ jókòó ní kíláàsì kan, kí wọ́n bá yín gbé owó olùkọ́. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti to ìwé o.

Ẹlẹ́ja Àrọ̀:
Èpo ńkọ́? ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti fi ọ̀nà hàn: ẹ ṣa kùkùté àti iyanrìn kúrò, ẹ rin ín ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ẹ fún un, ẹ tú u, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá sá a tàbí kẹ́ ẹ yan án. Tọ́ọ̀nù 3 èpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran, ẹ̀rọ gàrí yín náà ló sì máa ṣe é. Tí ẹ kò bá fún un dáadáa, májèlé á ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ń fẹ́ purotéènì tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èpo ẹ̀gẹ́ sì kéré gan-an, nítorí náà ó lè gba ipò àgbàdo díẹ̀, kò lè gba ipò sóyà. Ẹ lọ wo oko ẹja Eriwe pẹ̀lú. Ètò ìgbógun-ti-òṣì Ìjẹ̀bú-Òde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje wà nídìí rẹ̀ ló bí i. Ojú kan ni adágún wọn wà, olùkọ́ kan lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja lọ́jọ́ kan.

Ọmọ Odògbolù:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn oníbàárà Èkó ń ṣàròyé pé gàrí ń bu nínú àpò. Kí la máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ìyẹn?

Olùkọ́ṣẹ́:
Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í. Ìlànà àgbáyé ni pé kí omi inú gàrí má ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ bu gàrí láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wọn gíráàmù 10, kẹ́ ẹ gbé e sínú oven láàbù pólì ní 105°C títí tí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi dínkù mọ́. Tó bá ku gíráàmù 8.9, omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 11, ẹ lè dì í. Tó bá ku 8.6, ó jẹ́ 14, ẹ dá a padà sórí iná. Nígbà òjò, àpò tó ní ọ̀rá nínú ni kẹ́ ẹ lò.