Òfin méjì fún ọmọ méjì nínú ilé wa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Kubwa ní Àbújá ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ọkùnrin ẹni ọdún 16 àti obìnrin ẹni ọdún 15. Bí ọkùnrin bá ti pápá bọ́ọ̀lù wọlé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, oúnjẹ ni a ó gbé fún un. Bí àbúrò rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ, baba wọn yóò gba fóònù rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin mi ń ka iye ọmọbìnrin tí oníkálukú wọn ń bá rìn, ọmọ mi sì ń parọ́ kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀dẹ̀. Ọkọ mi ní ọkùnrin ni, kò lè gbé oyún wálé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gbé oyún náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ọmọbìnrin mi kì í finú hàn mí mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè bá ọkọ mi sọ ọ́, tí kò fi ní rò pé mo ń tàbùkù òun lójú àwọn ọmọ? Ta ni ó sì yẹ kí ó bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ṣé èmi ni, àbí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Nyanya?