Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ejò olóró kúrò lóko?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oko ọ̀pẹ ni mo ń bójú tó nítòsí Òkìtìpupa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kó imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, àfi bí mo ṣe rí oká tó ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bá ewé ilẹ̀ mu débi pé ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àwọn ọmọ iṣẹ́ lù ú pa. Ó dùn mí gan-an, torí ejò ló ń bá wa jẹ eku tó ń ba ọ̀pẹ kéékèèké jẹ́.

Mi ò fẹ́ fọwọ́ mú ejò o. Irin ìkọ́ ni mo fẹ́ fi máa gbé e sínú ike tó ní ìdérí. Báwo ló ṣe yẹ kí irin náà gùn tó? Oká tó sanra ńkọ́, ṣé irin kan lè gbé e?

Sèbé ló bà mí lẹ́rù jù, torí ó ń tu oró sójú èèyàn láti òkèèrè. Mo mọ̀ pé omi púpọ̀ la fi ń ṣan ojú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n irú awò wo ló dáa jù?

Ilé ìwòsàn ìtòsí wa kò ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, tàbí ẹni tó lè kọ́ mi lójúkojú, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.