Kúárì ni mo kọ́kọ́ pè é

Okun o, gbogbo ilé. Ọmọ Kabba ni mí, iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe. September 2018 ni, mo wà ní Mpape l'Abuja nínú yàrá kan tá a rẹ́ǹtì, mò ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ni mo rí i tí omi inú kọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Mo ní àwọn kúárì ni, torí wọ́n ń fọ́ òkúta gan-an níbẹ̀, àfìgbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìyá tó wà ní yàrá kejì ti gbọ́mọ sáré síta láìwọ bàtà. Àṣé ilẹ̀ ló ń mì, bíi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń mì tó ń dáwọ́ dúró. Ilé ò wó, ògiri tiwa kàn sán láti igun fèrèsé dé òkè, mo wò ó mo sì mọ ìdí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: orí fèrèsé nìkan ni wọ́n da líntẹ́ẹ̀lì sí, ìyẹn kọnkéré tó ní ródù nínú, wọn ò dà á yílé po.

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń kọ́ ọ fáwọn èèyàn o, mi ò ní purọ́. Onílé á ní "bíríkìlà, dín ródù yẹn kù," mo sì máa ń dín in kù. Ká má tíì wá sọ ti búlọ́ọ̀kù àràtà, tó o bá fi èékánná ha òmíì, yanrìn lásán láá máa dà.

Irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé ní Haiti tí wọ́n tún gbé dẹ́kìn tó wúwo lé pílà tín-ín-rín. January 2010, ilẹ̀ mì níbẹ̀, 7.0 ni agbára ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ tó mì, ó pa èèyàn tó lé ní 100,000. Oṣù tó tẹ̀ lé e, 8.8 ni ti Chile, ó le ju ti Haiti lọ dáadáa, síbẹ̀ àwọn tó kú ò tó 1,000, torí wọ́n ti ń kọ́lé tó lè gba mímì níbẹ̀.

Ọmọ ìlú Ẹ̀gbẹ́: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Mòrókò ni mo ti kàwé. Alẹ́ 8 September 2023, aago mọ́kànlá ti kọjá, họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ń mì bí ẹni ń jọ èlùbọ́, ìta la sùn mọ́jú. Àwọn abúlé orí òkè ló jẹ ẹ́ jù. Ilé amọ̀ àti òkúta, bíi ti bàbá bàbá mi nílé gẹ́lẹ́. Àwọn tó kú lé ní 2,900. Búlọ́ọ̀kù tó wó ṣì lè fi àlàfo sílẹ̀ téèyàn á fi mí, amọ̀ yẹn ńṣe ló di eruku bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ dákun, ṣé ilẹ̀ máa ń mì lọ́dọ̀ wa ni? Àpáta ló yí wa ká.

Ọmọ Kabba: Àbúrò, àpáta ló yí Mpape náà ká. Ìjẹ̀bú-Òde náà mì ní 1984. Mi ò ní tiwa á mì lọ́la o, ilé bàbá mi tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo ní ká da líntẹ́ẹ̀lì yí i po, ká so ó mọ́ pílà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá ní ṣé bánkì ni mo fẹ́ kọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù ti débi líntẹ́ẹ̀lì báyìí, ródù ò tíì pé, mi ò sì lè dà á lábọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń dà á. Ẹni tó bá mọ ibi tí ródù ti rọjú ní Lọ́kọ́ja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.